Ẹ̀KỌ́ WA: ẸNI TÓ Ń FA ṢÚGÀ ÀGBÀDO MU

Ẹ̀kọ́ tòní kan alágbàdo, ológì àti ẹlẹ́kọ.

Nígbà mìíràn a ó ra àgbàdo, kóńgò á kún dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá lọ̀ ọ́, èérí á pọ̀, ògì á kéré. Ibo ni ògì gbà lọ? Ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á rèé.

Ewé ni ilé ìdáná àgbàdo. Oòrùn ni iná rẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ni èlò rẹ̀, ṣúgà ló ń sè. Ṣúgà yìí ló ń gba inú igi rẹ̀ lọ sínú hóró, ibẹ̀ ló ti ń di ohun funfun tí à ń pè ní ògì.

Àrùn kan wà tó ń mú ewé àgbàdo dógùn-ún bí irin. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ìyẹ̀fun pupa á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Mọ̀lẹ́bí olú ni, kò lè dáná fúnra rẹ̀. Bí àfòmọ́ ti ń ṣe lórí igi obì, ó ń ta gbòǹgbò tín-ín-rín sínú ewé, ó ń fa ṣúgà mu.

Ọgbọ́n àwọn àrùn ìdílé yìí ni pé wọn kì í fi ṣúgà náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbà á. Wọ́n ń yí i padà sí irú mìíràn, bíi mannitol, tí àgbàdo kò lè lò. Ó dà bí ẹni tó gba náírà yín, tó sáré lọ ṣẹ́ ẹ sí owó tí ọjà wa kì í ná. Ṣúgà ń lọ, kì í bọ̀. Hóró á wá rù.

Láti ọ̀nà Amẹ́ríkà ni èyí tó le jù ti wá. Ní 1949 wọ́n rí i ní Sierra Leone. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Moor Plantation n'Ibàdàn níbí ni wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, wọ́n sì wá irúgbìn tó lè dènà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fún àgbẹ̀ lówó sílẹ̀, ẹ lọ wo ewé kí ẹ tó kàwó. Bí ó bá ti dógùn-ún kó tó yọmọ, àgbàdo náà á fúyẹ́. Ẹ béèrè irúgbìn tí wọ́n gbìn. Ní ìsọ̀, ẹ fọwọ́ gbé kóńgò wò; kíkún nìkan kọ́. Ẹ má sì tètè pe àgbẹ̀ lólè, wọ́n ti ja òun náà lólè lóko.

Àrùn ewé yìí kì í fi májèlé sínú hóró. Èyí tó bu nínú àpò ni kí ẹ sá fún, òun ló lè ní májèlé.

Ọjà á tà, a ò ní pàdánù o.