Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Wú Tí Kò Dunni

Ẹ̀yin ará Bassila àti Manigri, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń wú díẹ̀díẹ̀ tí kò sì dunni ni kí ẹ fojú sí jù. Àkokoro kì í jẹ́ kéèyàn sùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń léni dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n kókó kan wà tí wọ́n ń pè ní améloblastome. Inú egungun párì ló ń gbé dàgbà, ó sì lè lo ọdún díẹ̀ kó tó yọ síta. Kì í sábà fọ́n ká inú ara bíi jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń jẹ egungun, eyín á wá máa mì. Lọ́dọ̀ wa ní Áfíríkà, ọ̀dọ́ ló sábà ń mú. Ẹni tó bá ní àsasí ni, tó lọ sín gbẹ́rẹ́ sí i, tàbí tó jẹ́ kí wọ́n kàn fa eyín tó ń mì yọ láìya fọ́tò, àkókò ló ń fi ṣòfò.

Fọ́tò tó yẹ ẹ́ ni ràdíò tí wọ́n ń pè ní panoramique. Yrjö Paatero, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Finland, wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950. Ẹ ó dúró, ẹ ó fi eyín iwájú di ọ̀pá kékeré kan mú, ẹ̀rọ á yí orí yín po fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 15. Párì òkè àti ti ìsàlẹ̀ á hàn pọ̀, títí dé eyín tó fara pamọ́ sínú egungun. Bó bá jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló lu ihò, fọ́tò kékeré tí wọ́n ń ki bọ ẹnu ló ń fi í hàn dáadáa jù. Ẹ má náwó panoramique sórí ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Djougou, Parakou tàbí Kútọnù, ẹ fi fóònù béèrè bóyá ẹ̀rọ náà wà, àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó ya fọ́tò náà, ẹ bọ́ yẹtí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti píìnì ìborùn. Tírà tó wà nínú irin náà ńkọ́? Ẹ gbé e fún ẹni tẹ́ ẹ jọ lọ. Yẹtí ọ̀tún máa ń yọ òjìji sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, á sì bo ohun tí dókítà ń wá. Ẹ gbé ahọ́n lẹ àjà ẹnu, ẹ má mira.

Ìtànṣán panoramique kéré, kò ju èyí tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń tàn sí wa lára láàárín ọjọ́ díẹ̀. Síbẹ̀, kí aláboyún sọ pé òun lóyún kó tó wọlé. Ẹ má sì tìtorí pé ẹ pààrọ̀ dókítà ya fọ́tò mìíràn: ẹ mú ti tẹ́lẹ̀ dání, àgàgà ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, torí améloblastome lè padà wá lẹ́yìn ọdún púpọ̀.