Ẹ̀kọ́ Ìlera: Ọ̀rá Tó Ń Dí Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Bí páìpù omi ṣe ń dí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá ń dì mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wa. Ó lè má dunni títí yóò fi fa rọpárọsẹ̀.

Síkáànù ọrùn lè tú u fó. Wọn á fi nǹkan yíyọ̀ para ọrùn, wọn á wá yí ẹ̀rọ kékeré lórí rẹ̀. Kò sí abẹ, kò sí ìrora. Wọ́n ń ṣe é ní UCH, Ìbàdàn, bí dókítà bá ní ká ṣe é.

Ṣùgbọ́n ká tó wọkọ̀ Ìbàdàn, ká kọ́kọ́ yẹ ìfúnpá wa wò ní Ṣakí níbí. Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba iwájú nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà. Àìjẹ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tára rẹ̀ le ló ń ná ọjà o.