Awò Tí Wọ́n Ń Pè Ní Aláìlágbára

Nínú èdè Yorùbá, ohun tí a bá sọ pé kò lágbára, a ti bù ú kù. Ọkọ̀ tí kò lágbára kò lè gun òkè, oògùn tí kò lágbára kò lè wo àìsàn. Nígbà tí àwọn tó ń fi awò awọ̀nàjíjìn wo ojú ọ̀run bá wá ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ ra “awò tí agbára rẹ̀ kéré”, kí ni wọ́n rò pé onítọ̀hún máa ṣe? Yóò gba ọ̀dọ̀ ọlọ́jà lọ, yóò sì ra èyí tó lágbára jù lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbà á nímọ̀ràn ló ṣì í lọ́nà, nítorí awò tí wọ́n ń pè ní aláìlágbára yìí gan-an ló ń fi ohun tó pọ̀ jù han èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú orúkọ. Tẹlisíkóòpù ni ará ìgboro ń pe odindi ẹ̀rọ náà, awò awọ̀nàjíjìn ni ti àwọn tó ń kọ̀wé. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, bí a bá ṣáà ti fi àmì ohùn sí i, kí awò má baà di àwo ọbẹ̀ tàbí awo tí à ń bò. Èyí tó ṣòro ni awò kékeré tí à ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí à ń gbé ojú lé. Bí a bá pè é ní awò ojú, èyí tí à ń fi kàwé ni olùgbọ́ yóò rò. Awò ìfojúsí ni èmi fara mọ́. Ọmọ tó bá fojú sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ọmọ tó jókòó tì í, tí kò kánjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ń wo ìràwọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣe.

Ní ti ohun tí awò ìfojúsí ń ṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni kí ẹ má ṣe pa pọ̀: *sọ di ńlá* àti *gbà*. A máa ń sọ pé yàrá kan gba ogún èèyàn. Awò náà ní ìwọ̀n ojú ọ̀run tó lè gbà, bó bá sì ṣe ń sọ nǹkan di ńlá sí i ni èyí tó ń gbà ń dín kù.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ṣe àpẹẹrẹ: awò awọ̀nàjíjìn tí dígí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 8, tí ìmọ́lẹ̀ ń rin mìlímítà 1200 láti ara dígí náà kó tó pàdé lójú kan. Orúkọ John Dobson ni wọ́n fi ń pe irú rẹ̀, nítorí òun ló fi han àwọn èèyàn ní San Francisco pé pákó lásán tó láti fi kan ìjókòó fún un. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí lára awò ìfojúsí, mìlímítà ni. Ẹ fi pín 1200. Awò 10 yóò sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 120, awò 40 ní ìlọ́po 30 péré. Nọ́ńbà ń pọ̀, nǹkan ń kéré: ibẹ̀ ló ti ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú.

Ẹ wá kọjú sí Pleiades, àgbájọ ìràwọ̀ tí ojú lásán ń rí mẹ́fà tàbí méje nínú rẹ̀ lókè orí wa lálẹ́ oṣù Kejìlá. Gbogbo rẹ̀ fẹ̀ tó òṣùpá mẹ́rin tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyẹn nǹkan bíi dígírì 2. Awò 10 tó wọ́pọ̀ kò tilẹ̀ gba òṣùpá kan tán. Ẹni tó bá fi í wo Pleiades dà bí ẹni tó fi imú kan àdìrẹ Ìbàdàndùn: yóò rí òpó Mápó kan, kò ní mọ irú àdìrẹ tó ń wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ẹ má bèèrè pé báwo ló ṣe lágbára tó. Ẹ bèèrè pé báwo ni ojú ọ̀run tó ń gbà ṣe fẹ̀ tó. Fífẹ̀ ojú awò fúnra rẹ̀, dígírì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 52, 68, 82. Ẹ fi iye ìlọ́po pín in, ẹ ó rí fífẹ̀ ojú ọ̀run tó gbà.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn. Ká ní awò ìfojúsí mẹ́ta ló wà níwájú yín, tí ọ̀pá gbogbo wọn, ìyẹn ibi tí à ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ tẹlisíkóòpù, fẹ̀ tó íǹṣì 1.25. Awò 40, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó dígírì 43. Awò 32, dígírì 52. Awò 24, dígírì 68. Ẹ ṣírò wọn lórí mìlímítà 1200 yẹn: dígírì 1.4 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà! Ọ̀pá ló há mọ́ wọn. Ohun tí ọ̀pá íǹṣì 1.25 lè gbà kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kódà bí nọ́ńbà ara awò pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí Pleiades wọlé tán, ọ̀pá íǹṣì 2 ni kó wá. Awò 30 tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó dígírì 82 yóò gbà á, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wúwo, owó rẹ̀ sì ga.

Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá gba ohun kan náà, kí ló fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Ọmọlójú ni. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní mọ ọ̀rọ̀ yìí fún àyànfẹ́ nìkan, ọmọlójú ìyá rẹ̀, wọ́n ti gbàgbé pé ihò dúdú àárín ẹyinjú ni, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Nínú òkùnkùn, ti ọ̀dọ́ lè fẹ̀ tó mìlímítà 7. Ti àgbàlagbà sábà máa ń kéré sí i, ti ọ̀pọ̀ kì í ju nǹkan bíi 5 lọ. Lórí awò awọ̀nàjíjìn wa yìí, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára awò 40 fẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 7. Ti awò 32 lé díẹ̀ ní 5, ti awò 24 jẹ́ bíi 4. Bí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún bá gbé ojú lé awò 40, apá kan ìmọ́lẹ̀ tó fowó rà yóò dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlójú rẹ̀.

Ti ìgboro tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí iná títì ti ń tàn sókè, bí Èkó, bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára awò bá ṣe fẹ̀ tó ni ojú ọ̀run inú rẹ̀ ṣe ń funfun tó, àwọn ìràwọ̀ tó tàn bàìbàì á sì rì sínú rẹ̀. Awò 24 gba ojú ọ̀run kan náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó dúdú. Òun ni màá ní kí ará ìgboro rà. Ẹni tó bá ń gbé ìletò tí òkùnkùn ti ṣú biribiri, awò 32 tó o, kò sì wọ́n. Lálẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú, kò sí èyí tí yóò ṣe dáadáa nínú wọn fún ìràwọ̀ bàìbàì. Ẹ dúró di ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kó wọ̀ tán, kí ẹ tó gbé awò síta.

Ẹni tó ń lo awò ojú nítorí pé kò rí ọ̀ọ́kán lè bọ́ ọ sílẹ̀, kó yí awò awọ̀nàjíjìn títí yóò fi mọ́ ọn lójú. Ẹni tí ojú ẹyinjú rẹ̀ kò tẹ̀ dọ́gba ni kó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lójú, nítorí àbùkù yẹn máa ń hàn jù níbi tí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde bá ti fẹ̀.

Awò 10 náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn baba wa ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Lálẹ́ tí àlàfo àárín wọn kò bá tó dígírì kan, awò tó ń gbà púpọ̀ yóò gba àwọn méjèèjì papọ̀, ṣùgbọ́n iná kan tó ń dán lásán ni Àgùàlà yóò jẹ́ nínú rẹ̀. A ti wò ó, a kò tíì rí i. Ẹ pààrọ̀ awò, ẹ fi 10 sí i kó sọ ọ́ di ńlá. Ní àwọn oṣù tó bá sún mọ́ ayé wa, ẹ ó rí i pé ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.