Ìtàn Mi Kì í Kọjá Orí Kẹta

ÌBÉÈRÈ

Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan àti ọmọ-iṣẹ́ méjì. Láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti fẹ́ràn ìwé Yorùbá, pàápàá ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí èmi náà kọ ìtàn-àròsọ kan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Kò sí èyí tó kọjá orí kẹta nínú wọn. Bí mo bá ti débẹ̀, ìtàn náà á sú mi, òmíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, n ó jókòó ti ìwé, n kò ní rí nǹkan kan kọ, á wá dà bíi pé àwọn tó ṣáájú ti sọ gbogbo ìtàn tán. Ọkọ mi ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Kò fi ìbínú sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni òǹkọ̀wé ti ń rí ìtàn, báwo ni wọ́n sì ṣe ń kọ ọ́ parí?

Aránṣọ tó fẹ́ kọ̀wé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o. Inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ, mo sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ gba èyí gbọ́: ẹni tó ti kọ orí mẹ́sàn-án mọ ìwé kọ. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án ni. Ká ní inú ìtàn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà ni, ìwọ ì bá ti rìn jìnnà.

O ní àwọn tó ṣáájú ti sọ gbogbo ìtàn tán. Jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí wọ́n ti sọ jù lọ nílùú tìrẹ gan-an. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, kú ní 1874. Ìtàn rẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí Ìṣọ̀lá ní 1939. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni Ìṣọ̀lá nígbà tó fi ìtàn náà kọ eré onítàn, ìwé náà sì jáde ní 1970. Kì í ṣe òun ló dá Ẹfúnṣetán. Ohun tó ṣe ni pé ó bi ìtàn náà ní ìbéèrè: kí ló ń jẹ obìnrin olówó lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹrú rẹ̀ bá lóyún, pípa ni yóò pa á? Àìrọ́mọbí ni Ìṣọ̀lá fi dáhùn, orí ìdáhùn yẹn sì ni gbogbo eré náà dúró lé.

Ìbéèrè kan péré nìyẹn. Àwọn òpìtàn tún sọ fún wa pé Ẹfúnṣetán a máa ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn ológun Ìbàdàn, àti pé lára ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fi kàn án ni pé kò bá òun lọ sógun, kò sì fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Wò ó, àbúrò mi: ta ló jẹ ta ní gbèsè níbẹ̀ yẹn? Bí obìnrin kan bá ta ọjà láwìn fún àwọn ọkùnrin alágbára, tí wọn kò rówó san, ojú wo ni wọn yóò máa fi wò ó bó bá ń kọjá lọ? Ìwé mìíràn pátápátá nìyẹn, Ẹfúnṣetán kan náà sì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ṣe. Nígbà tó gbé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, jáde ní 1969, kò tẹ̀ lé òǹkọ̀wé Fágúnwà wọ igbó irúnmọlẹ̀. Ó mú Làpàdé, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó ní kó máa tọpa àwọn ọ̀daràn. Ìtàn kò tán nígbà náà, kò sì tíì tán báyìí.

Ìwọ alára, ibi tí ìtàn ti ń wọlé wá bá ọ lo jókòó sí. Kò sí ayẹyẹ tí kì í gba ọ̀dọ̀ aránṣọ kọjá: ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìwúyè. Ẹni tó rù lójijì, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tí wọn kò pín aṣọ ẹbí fún, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń wá pé kí o bá òun wá èyí tó jọ ọ́. Ìwé ìwọ̀n rẹ yẹn, tí o ń kọ àyà àti ìbàdí àwọn èèyàn sí, ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí o máa kọ ohun tí o bá rí àti ohun tí o bá gbọ́ síbẹ̀. Ìlà kan tó. Má ṣe wá ọ̀rọ̀ dídùn fún un.

Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ohun tí o kọ síbẹ̀ kò tíì di ìtàn. Jẹ́ ká ní obìnrin kan gbé aṣọ òkè ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá, ó ní kí o gé e rán fún ọmọ òun. Ìròyìn lásán nìyẹn. Wá bi ìròyìn náà léèrè: ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n gé aṣọ yìí? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ńkọ́, ẹni tó tọ́jú ìyá náà títí ó fi kú? Ta ni ìyá sọ pé kó jogún aṣọ, ta ló sì gbọ́ ọ nígbà tó ń sọ ọ́? Bí ẹ̀gbọ́n bá wá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, tó bá àwẹ́ méjì aṣọ ìyá rẹ̀ lórí tábìlì rẹ, tí àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ, kí ni wàá sọ fún un? Ó ti ń di ìtàn nìyẹn. Ẹnì kan ń fẹ́ nǹkan, ẹlòmíràn kò fẹ́ kó rí i gbà, àwọn méjèèjì sì lẹ́tọ̀ọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló lẹ́tọ̀ọ́, tí èkejì kàn jẹ́ ìkà, ìtàn náà kì í pẹ́ gbẹ. Mo rò pé ìyẹn wà lára ohun tó ń pa àwọn orí kẹta rẹ.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àṣírí kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bọ́ aṣọ níwájú rẹ ti fọkàn tán ọ, má dà á. Ìbéèrè ni kí o mú, fi èèyàn sílẹ̀. Pa èèyàn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan, yí àdúgbò padà, yí iṣẹ́ tó ń ṣe padà, sọ àbúrò di ẹ̀gbọ́n. Bí oníbàárà bá ka ìwé rẹ tó sì dá ara rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀, o ti ṣẹ̀ ẹ́, bí ìtàn náà tilẹ̀ dùn bí oyin.

Ó wá ku bí wàá ṣe kọ ọ́ parí. Èyí gan-an ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà rẹ.

Ní 1929, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde. Arẹwà tí gbogbo Èkó mọ̀ nígbà kan ni obìnrin yìí, àìsàn ti wá dá a mọ́lẹ̀, ó sì ń jẹ́wọ́ bó ṣe lo ayé rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún náà títí dé oṣù kẹta 1930 ni lẹ́tà náà ń jáde, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn òǹkàwé ń dáhùn, àwọn kan ń káàánú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lè bá nílé. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Thomas ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní 1930 náà ló kó o jọ di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì kà á sí ìtàn-àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá.

Rò ó wò. Ọkùnrin yìí ń darí ìwé ìròyìn, ó ń wá ìròyìn, ó ń wá owó ìpolówó, ó sì tún ń kọ ìtàn. Ǹjẹ́ o rò pé ara rẹ̀ ń yá ní gbogbo ọ̀sẹ̀? N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà fún un ni ọjọ́ ìtẹ̀wé tí kò ṣeé yẹ̀, àti àwọn èèyàn tó ń bèèrè pé, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?” Nǹkan méjèèjì yìí ni ìwọ kò ní. Inú yàrá lo ti ń kọ̀wé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé o ń kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bèèrè bí o bá dáwọ́ dúró. Nínú irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí bí ìtàn tuntun kò ṣe ní dùn ju ti àtijọ́ lọ.

Nítorí náà, wá ẹnì kan tí yóò máa retí rẹ. Ẹnì kan tó. Ṣé kì í ṣe pé ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ tẹ́lẹ̀? Àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ méjèèjì yẹn, sọ fún wọn pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, wàá ka ohun tí o kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá sí wọn létí. N kò mú Sátidé, nítorí ọjọ́ òde ni, àwọn tó fẹ́ gba aṣọ kò ní jẹ́ kí o mí. Kà á sókè ketekete. Ibi tí ahọ́n rẹ bá ti kọsẹ̀, sàmì sí i. Ibi tí àwọn ọmọ náà bá ti padà sídìí ẹ̀rọ wọn, sàmì sí i pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ èyí tí o kò tíì kọ fún wọn, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ọ́ tó. Ẹni tó bá ti fẹnu sọ ìtàn tán, ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kọ ọ́ mọ́.

Má ṣe bu iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún ara rẹ. Ọ̀rọ̀ 300 lẹ́ẹ̀kan ìjókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, 900 nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ 40, ó ti di 36,000, ìwé tó ṣeé fi lé òǹtẹ̀wé lọ́wọ́ sì ni. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Méjìlá tó kù jẹ́ ti Iléyá, ti Kérésìmesì, ti àìsàn àti ti àárẹ̀. Má kọ nǹkan kan láwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, má sì jẹ́ kí ọkàn rẹ dá ọ lẹ́bi.

Nígbà àkọ́kọ́ tí o bá ń kọ ọ́, má ṣe padà sí orí kìíní láti tún un ṣe. Mo fura pé o ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìṣe ọ̀pọ̀ nínú wa ni. O kì í ran bọ́tìnnì mọ́ aṣọ tí o kò tíì so apá mọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́? Àmì ohùn pàápàá lè dúró. Bí o bá ń fi fóònù kọ ọ́, kíbọọ̀dù Google ní Yorùbá nínú, ṣùgbọ́n bí wíwá àmì bá ń dá ọ dúró, kọ ọ́ láìfàmì sí i ná, kí o padà wá fàmì sí i nígbà tí ìwé bá parí. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ wà lórí ẹ̀rọ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé, sọ ọ́ sínú fóònù, kí o tẹ́tí sí i lálẹ́ kí o sì kọ ọ́.

Ìtàn tuntun tó ń pè ọ́, má lé e. Kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n, kí o pa ìwé dé. Bó bá tọ́ sí ọ, yóò dúró dè ọ́.

Ní ti ọkọ rẹ, má bínú sí i. Ẹni tó ti rí i tí o bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí o sì dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìdí tó fi ń sọ ohun tó ń sọ. Jẹ́ kó mọ̀ pé o kò fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti pé àwọn tí à ń ka ìwé wọn náà níṣẹ́ lọ́wọ́. Olùkọ́ ni Fágúnwà nígbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Amos Tutuola tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé ní 1952, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ni l'Ékòó. Má ṣe ní kí ọkọ rẹ gbà pé wàá di gbajúmọ̀. Wákàtí kan ni kí o tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí òun bá ọ mójú tó ilé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kì í gba àlá gbọ́ ni kì í ṣahun wákàtí kan.

Èwo ni wàá wá mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Má mú èyí tó bóde mu jù. Mú èyí tí ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀ máa ń sọ sí ọ lọ́kàn nígbà tí o bá ń fọ abọ́. Kí o tó kọ orí kẹrin, kọ ohun mẹ́ta sórí bébà: kí ló ń fẹ́, ta ni kò fẹ́ kó rí i, kí ni yóò pàdánù bó bá rí i. Lẹ́yìn náà, kọ ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé náà, bí o bá tilẹ̀ mọ̀ pé wàá yí i padà.

Ní báyìí, èmi náà ti wà lára àwọn tó ń retí. Kọ orí kẹrin, kí o fi ránṣẹ́ sí mi bó ti wù kó rí, ì báà fàmì sí i, ì báà má fàmì sí i. N ó kà á, n ó sì dá ọ lóhùn.