Má Jẹ́ Kí Gúáfà Rẹ Ga Jù Ọ́ Lọ

Àbúrò mi, kí bàbá àwọn ọmọ tó fi símẹ́ńtì bo gbogbo àyíká ilé tuntun yín l'Ákùúrẹ́, tètè gba ààyè díẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Gúáfà ni kí o gbìn síbẹ̀.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ: gúáfà ń dọ̀tí ilé, ìdin ń kún inú rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ò sì ní yéé sọ ọ́ lókò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ tó ga dé òrùlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tìrẹ kò gbọdọ̀ ga kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ lè tó.

Gbìn ín nígbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀ dáadáa. Tó bá ga dé ìbàdí rẹ, gé orí rẹ̀ kó lè ya ẹ̀ka. Lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan, tún gé ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀. Má bẹ̀rù ọ̀bẹ: orí ẹ̀ka tuntun ni gúáfà ti ń yọ òdòdó. Òdòdó ọ̀hún funfun, òwú tín-ín-rín kún àárín rẹ̀, oyin a sì máa rọ́ lọ síbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín oògùn kòkòrò sí i lásìkò yẹn o. Ìdílé kan náà ni gúáfà àti kànáfùrù tí à ń rà ní Ọjà Ọba. Òdòdó tí kò tíì là ni kànáfùrù yẹn.

Ní ti ìdin, eṣinṣin ló ń yé ẹyin sínú èso. Ọ̀kan tó burú nínú wọn wá láti Éṣíà. Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà, ní Kẹ́ńyà, kó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí èso bá ṣì kéré, tó sì le, fi àpò bébà wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá já sílẹ̀, kó o sínú ọ̀rá, di ẹnu rẹ̀ pa, fi sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan kí o tó dà á nù.

Ohun tí mo sì fẹ́ kí o gbà gbọ́ jù nìyí: nínú 100 gíráàmù gúáfà, fáítámì C tó wà níbẹ̀ tó 228 mílígíráàmù, ti ọsàn kò ju bíi 53 lọ. Fáítámì yìí ló ń jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ gbà dáadáa. Àwa tí à ń rí nǹkan oṣù nílò rẹ̀. Jẹ ẹ́ tèèpo-tèèpo lẹ́yìn oúnjẹ.

Ewé rẹ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà ń sè é fún ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pè ní ORS ló kàn, kí o sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Màmá wa tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ mu àgbo ewé náà láìbá dókítà wọn sọ̀rọ̀, torí ó lè mú ṣúgà ara wọn wálẹ̀ jù.

Gúáfà gíga tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá àti màmá wa l'Óǹdó náà ṣì ṣeé tún ṣe. Kí wọ́n bẹ́ ẹ wálẹ̀ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Yóò rúwé padà. Ó lè má so púpọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, nítorí náà bẹ bàbá wa kí wọ́n má tìtorí ẹ̀ wú u dànù.