Ẹ Mọ Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Fi Ẹrẹ̀ Kun Táńkì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń to àwòṣe táńkì, ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń bi mí pé irú ọ̀dà wo ni mò ń lò, irú búrọ́ọ̀ṣì wo, àti ọgbọ́n tí mo ń dá tí ẹrẹ̀ fi ń jọ ẹrẹ̀ lóòótọ́. Ìbéèrè tó dára ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: ibo ni táńkì yìí wà, oṣù wo sì ni? Kí ọ̀bẹ tó kan ike rárá, kí ẹ ti mọ ilẹ̀ tí ó máa dúró lé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń to táńkì tán, tí wọ́n á kùn ún tán, tí wọ́n á fi ìdọ̀tí sí i lára tán, kí wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá pákó tí wọ́n máa gbé e lé. Ìdí nìyẹn tí ẹrẹ̀ ara táńkì kì í fi í bá ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mu.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kò sí àbàwọ́n kan lára ọkọ̀ ogun tí kò ní ohun tó fà á. Epo dà síbi tí wọ́n ti ń rọ epo sí i. Ọ̀dà bó níbi tí bàtà ọmọ ogun ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Eruku jókòó síbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í kàn. Bí ẹ bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì, tí ẹ kò lè sọ ohun tó mú àbàwọ́n tí ẹ fẹ́ fi sí i wá, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì náà kalẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ kí n fi T-34-85 ti Sófíẹ́ẹ̀tì ṣàlàyé. Páálí rẹ̀ wọ́pọ̀, ó sì rọrùn tò ju táńkì Jámánì lọ. Oṣù Kẹta ọdún 1944 ló kọ́kọ́ dé ojú ogun. Ní Ukréìn lásìkò yẹn, yìnyín ń yọ́, ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá ibẹ̀ sì ti di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ tó ki bí àmàlà. Táńkì tó bá rin irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ á di àárín wíìlì rẹ̀ pa, á gun ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ dé abẹ́ mọ́dúgáàdì, á sì so rọ̀ níbẹ̀ ní ìṣùpọ̀ ìṣùpọ̀. Òkè orí rẹ̀ ńkọ́? Ó lè mọ́ díẹ̀, nítorí òjò ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n máa ń gùn ún lọ sójú ìjà. Tìtorí wọn ni wọ́n ṣe jó irin ìdìmú mọ́ orí àti ara rẹ̀. Bàtà wọn ló ń gbé ẹrẹ̀ lọ sí òkè tí ẹrẹ̀ ṣéènì kò lè dé, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kó hàn níbẹ̀. Kí a má rí ẹrẹ̀ tí a kàn wọ́n.

Táńkì kan náà, ẹ gbé e lọ sí Bẹ̀lárùs ní òpin Oṣù Kẹfà ọdún yẹn, nígbà ìkọlù ńlá tí wọ́n sọ ní Bagration, èyí tó mú kí Minsk bọ́ sọ́wọ́ Sófíẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 3 Oṣù Keje. Ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà oníyanrìn ń tú eruku, táńkì sì ń tẹ̀lé táńkì. Eruku á bo gbogbo ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì ràn mọ́ ibikíbi tí epo bá ti kán sí, á sọ ibẹ̀ di dúdú. Ibẹ̀ náà tún ní irà, nítorí náà a máa ń rí ìtí igi tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì, tí wọ́n máa tì sábẹ́ ṣéènì bí ọkọ̀ bá rì. Ẹni tó bá fi irú igi bẹ́ẹ̀ sí i, kó rántí fi ẹrẹ̀ gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ táńkì náà, nítorí ó ti bọ́ sínú irà rí.

Ní Oṣù Kẹrin ọdún 1945, ó ti dé Berlin. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun yí orí rẹ̀ ká, kí ọkọ̀ òfuurufú tiwọn má baà yìnbọn lù ú. Ẹrẹ̀ kò tó nǹkan mọ́ níbí. Ìyẹ̀fun bíríkì àti ti ògiri tó wó ló kù, pẹ̀lú èéfín iná. Òkúta tí wọ́n tẹ́ sójú títì ti ha ṣéènì títí ojú rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ fi ń dán. Ẹ rí i báyìí: páálí kan, ìdọ̀tí mẹ́ta. Ẹni tí kò bá yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìbẹ̀rẹ̀ á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, táńkì rẹ̀ kò sì ní wá láti ibì kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà nílẹ̀ Yorùbá gan-an. Mo ti rí i tí àwọn ọ̀dọ́ bu yẹ̀pẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé wọn, tí wọ́n sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì dà á sábẹ́ táńkì Ukréìn. Yẹ̀pẹ̀ náà dára, ó kúnná, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe pupa. Ẹ lè lò ó bí ẹ bá kùn ún láwọ̀ dúdú tó fara jọ búráùn lẹ́yìn tó bá gbẹ. Fún eruku Bẹ̀lárùs, ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí ẹ lọ̀ kúnná, tí ẹ sì fi lúlúù ọ̀dà búráùn díẹ̀ pa àwọ̀ rẹ̀ dà, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ fi nǹkan bo imú bí ẹ bá ń lọ lúlúù, kí ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ bí ẹ bá ń lo tínà.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ máa ṣírò. Òṣùwọ̀n 1/35 tí a ń lò yìí, ilé iṣẹ́ Tamiya ti Jàpáánì ló mú un wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ṣe táńkì Panther kan tó ní láti gba mọ́tò àti bátìrì sínú. Ó ti wá di òṣùwọ̀n àwọn tó ń to táńkì káàkiri ayé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mìlímítà 1 lórí tábìlì yín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.5 ní ojú ogun. Ọ̀dà tí ẹ bó ní mìlímítà 3 ti jẹ́ ọgbẹ́ tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lára táńkì gidi. Kí ló bó o tó bẹ́ẹ̀? Iyanrìn tó nípọn ní mìlímítà 1 ti di òkúta. Bíríkì Jámánì ayé ìgbà náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, ó fẹ̀ ní 12, ó ga ní 6.5; nítorí náà, bí ẹ bá ń gé bíríkì fún Berlin, kó gùn ní mìlímítà 7 ó lé díẹ̀, kó fẹ̀ ní 3.4, kó ga tó 2. Ẹ ra rúlà tó dára. Ó wúlò ju ìgò ọ̀dà mẹ́wàá lọ.

Lórí títò, n kò ní sọ púpọ̀, nítorí ìwé tó wà nínú páálí ti sọ ọ́. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ike kí epo ilé iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ lè kúrò, ẹ fi sáńpépà ha gbogbo ìlà ìsopọ̀ títí yóò fi pòórá, ẹ sì jẹ́ kí gúlú gbẹ. Nǹkan méjì péré ni mo máa tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́ ni orí T-34-85. Irin yíyọ́ ni wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù oníyanrìn láti fi ṣe é, nítorí náà ara rẹ̀ rí ṣágiṣàgi. Ẹ ta gúlú olómi sí i, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ gún un jẹ́jẹ́ kó tó gbẹ. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jó pọ̀ ni ìyókù ara rẹ̀, ó sì ń dán ju orí lọ. Ẹ má fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kàn án. Èkejì ni ṣéènì. Wíìlì tó ń fa ṣéènì T-34 wà lẹ́yìn, kò sì ní róólà kankan tó ń gbé ṣéènì ró lókè. Nítorí náà, apá òkè ṣéènì máa ń dẹ̀, ó ń sùn lé orí àwọn wíìlì ńlá, ó sì ń tẹ̀ kòtò láàárín wọn. Ṣéènì tó bá le gbọnrangandan lókè, àṣìṣe tí ọ̀dà kò lè bò ni.

Ọ̀dà wá kàn. Àwọ̀ ewé ọkọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì máa ń dúdú jù lára ohun kékeré, nítorí náà ẹ fi àwọ̀ ìyeyè tàbí ti iyanrìn díẹ̀ là á. Ẹ fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kó má bo iṣẹ́ ara ike. Ní ìgbà òjò wa, ọ̀dà onítínà lè gbẹ kó funfun bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ẹ dúró de ọ̀sán tí oòrùn bá yọ. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Ẹ fi aṣọ tútù nu tábìlì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì fi abọ́ ńlá dé táńkì mọ́lẹ̀ ní kété tí ẹ bá fi fáníìṣì kùn ún tán.

Lórí ìdọ̀tí fúnra rẹ̀, ọ̀dà elépo tí àwọn ayàwòrán ń lò sórí kánfáàsì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fún un sórí páálí lásán, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí páálí náà lè fa epo inú rẹ̀; á gbẹ kíákíá, kò sì ní dán. Ẹ po búráùn rẹ̀ tó dúdú mọ́ tínà títí tí yóò fi ṣàn, kí ẹ wá fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan ẹ̀gbẹ́ bóòtù àti ibi tí irin ti pàdé irin. Ó máa sá lọ síbi tó yẹ fúnra rẹ̀. Fún ìlà omi òjò, ẹ fa ìlà kékeré kan, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó lọ́rinrin fà á wálẹ̀ gba ojú ọ̀nà tí omi máa gbà, títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ara T-34 dagun, omi kì í sì í ṣàn kúrò lójú ìdagun láti já sínú afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ibi tó ń dán ní ìdí tirẹ̀ náà. François Verlinden ará Bẹ́ljíọ̀m kọ́ ìran kan ní bí a ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu etí nǹkan kó lè yọ, a sì jẹ ẹ́ lóore. Àmọ́ lóde òní, àwọn kan ti sọ ọ́ di àṣà láti fi fàdákà nu etí gbogbo nǹkan. Wíìlì T-34-85 ní rọ́bà létí, rọ́bà kì í sì í dán bí irin. Ibi tó ń dán ni ojú ṣéènì tó ń kan ilẹ̀, àti eyín inú rẹ̀ tó ń gba àárín wíìlì méjì kọjá, tí róólà wíìlì ẹ̀yìn sì ń tì. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù nu ibẹ̀, ó tó. Bákan náà ni ìpẹtà. Ọ̀pọ̀ T-34 kò pẹ́ lójú ogun kí wọ́n tó bà á jẹ́, nítorí náà kò ráyè dípẹtà jinlẹ̀. Ẹnu sálẹ́ńsà méjèèjì lẹ́yìn, tí iná ti jó ọ̀dà ara rẹ̀, ni ẹ ti lè fi ìpẹtà sí, kí ẹ sì fi dúdú èéfín dísù lé e.

Ilẹ̀ wá kù, òun gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí Shepard Paine ará Amẹ́ríkà kọ ní 1980 lórí irú iṣẹ́ yìí ṣì wúlò títí di òní. Pákó tí ẹ máa lò kó má tóbi jù: táńkì yìí gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23 pẹ̀lú ẹnu ìbọn rẹ̀, nítorí náà pákó tó jẹ́ 30 sí 20 tó o. Ẹ má gbé táńkì ní ìbámu pẹ̀lú etí pákó, ẹ jẹ́ kó dagun sí i. Ẹ fi fómù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifísọ̀n sínú páálí gbé ilẹ̀ ga, kí ẹ fi POP àti gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà bò ó, pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó díẹ̀. Kó tó gbẹ, ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀, kí ẹ tẹ táńkì mọ́ ọn. Tọ́ọ̀nù 32 ni táńkì yìí wúwo, kò lè léfòó lórí ẹrẹ̀ Ukréìn. Ojú ṣéènì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kó bá ṣéènì rẹ̀ gan-an mu. Iwájú rẹ̀ ńkọ́, tí kò tíì débẹ̀? Kò sí ojú ṣéènì tirẹ̀ níbẹ̀ rárá, àyàfi ti ẹlòmíràn tó ti ṣíwájú kọjá.

Ìgbà tí ẹ bá kun ilẹ̀ tán ni ẹ máa tó da ẹrẹ̀ sára táńkì, láti inú abọ́ kan náà tí ẹ fi kun ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó ti gbẹ, tó ti ṣì díẹ̀, sí i lára, nítorí ẹrẹ̀ àná nìyẹn. Ti òní, tó dúdú tó sì lọ́rinrin, kó wà ní ìsàlẹ̀ àti lórí ṣéènì nìkan. Ẹ fi fáníìṣì tó ń dán kán an díẹ̀. Epo tó dà sẹ́nu táńkì dísù àti àwọn dúrọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa kẹ́yìn, nítorí orí eruku ni epo máa ń dà sí.

Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti oṣù náà sí etí pákó, kí lẹ́tà rẹ̀ kéré. Ẹ ra dígí tàbí ike mímọ́ gaara tí ẹ máa fi dé e, pàápàá kí ọyẹ́ tó dé, nítorí eruku gidi tó bá wọ inú lúlúù ìdọ̀tí yín kì í ṣeé fọ̀. Bí ẹ bá sì ń gbé e lọ fún ẹlòmíràn wò, abẹ́ pákó ni kí ẹ dì mú. Ẹ má di táńkì mú.