Àkànní, Ìgbà Tìrẹ Nìyí

Mahuta, Kàdúná.

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O kú oríire Yunifásítì LAUTECH tí o wọlé. Bàbá rẹ ti pè mí kí ìwọ tó pè, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ohùn rẹ tí mi ò fẹ́ dá lóhùn lórí fóònù, òun ni mo ṣe ní kí ọmọ aládùúgbò wa bá mi tẹ lẹ́tà yìí. O ní, “Ìyá Kàdúná, ẹ̀yin lẹ jẹ ayé, ìyókù làwa bá.”

Kì í ṣe irọ́ pátápátá lo pa. Ayé kan wà tí a jẹ lóòótọ́. Nígbà tí mo ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri, ọmọkùnrin tó bá parí ìwé mẹ́wàá lónìí lè wà nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ilé iṣẹ́ aṣọ KTL ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1957, UNTL dé ní 1964, Peugeot ń to mọ́tò láti 1975, ilé ìfọpo sì bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Tọ̀sán-tòru lẹ̀rọ ń dún. Bí oṣù bá parí, gbogbo ẹni tó jẹ mí láwìn á san, wọ́n á sì tún béèrè ẹran méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin ló fi owó yẹn kọ́lé sílé.

Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré. Aṣọ òkèèrè tí wọ́n ń kó gba ẹnubodè wọlé ní ọ̀pọ̀ lé tiwa kúrò lọ́jà. Iná ìjọba kò dúró. Epo dúdú tí wọ́n fi ń dáná sí ẹ̀rọ wọ́n gógó, bẹ́ẹ̀ ilé ìfọpo wà nílùú kan náà! KTL kógbá sílé ní 2002. Ní October 2007, UNTL náà tilẹ̀kùn, nǹkan bí 4,000 òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́. Wọ́n tún un ṣí ní 2010, ṣùgbọ́n kò padà dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìkòkò ìrẹsì mi tó máa ń tán kí aago méjì tó lù wá ń kù di alẹ́.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Nínú àwọn oníbàárà mi, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti jáde níṣẹ́ àárọ̀, wọ́n á bọ́jú nínú báàfù mi, wọ́n á sì gba ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ ní Kaduna Poly. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé owó ń wọlé, kí ni wọ́n tún ń wá kiri? Nígbà tí géètì tì, àwọn tó níwèé lọ́wọ́ ríbi yà sí. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù gun ọ̀kadà. Mi ò sọ pé ọ̀kadà kì í ṣe iṣẹ́ o, ó bọ́ ọmọ tó pọ̀. Àmọ́ ayé tí o ní a jẹ yẹn, àwọn tó lò ó nígbà tó ṣì wà ló jẹ ẹ́.

Ìgbà tìrẹ náà ní ohun tí o lè lò. Wọ́n ní o kò fẹ́ gba ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti NELFUND nítorí o kò gba ìjọba gbọ́. Èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin ni, wọ́n fọwọ́ sí i ní April 2024. Kò ní èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún tààrà, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún ìnáwó. Ìyẹn kò lè bọ́ ẹni tó ń jẹun bíi tìrẹ, mo mọ̀. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí o sì ríṣẹ́, kí o tó máa san án padà. Bàbá rẹ ní gbèsè kò yẹ ọmọ Yorùbá. Mo bi í pé owó èlé tí òun fẹ́ yá lọ́jà fún ọ ńkọ́, kò fèsì.

Ohun mìíràn tí ìgbà yín ní tí tiwa kò ní ni fóònù ọwọ́ rẹ. Ní February 2000, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná lórí ọ̀rọ̀ Ṣaríà, tí wọ́n ń pààyàn, tí wọ́n ń sunlé, bàbá rẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò mọ̀ bóyá mo wà láàyè. GSM kò tíì dé. August 2001 ló dé. Rédíò nìkan ló ń gbọ́, títí ẹnìkan tó sá kúrò l'Ókè Ọya fi bá mi mú lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní March 28, 2022, tí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àbújá bọ̀ wá síbí, inú ọkọ̀ yẹn gan-an làwọn èrò ti ń pe ilé. Ìwọ rí i pé mi ò sọ pé ìgbà yín tura. Ojú ọ̀nà ń bà wá lẹ́rù, oúnjẹ wọ́n, omi lọ́wọ́ mai ruwa, àwọn tó ń ta omi kiri, ní Mahuta níbí gan-an ti di ohun tí à ń ṣírò kí a tó rà á. Síbẹ̀, ọmọ tó ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2023, fóònù rẹ̀ kò sì dára tó tìrẹ. Bọ́ọ̀lù Yúróòpù ni ìwọ ń fi tìrẹ wò.

Jọ̀wọ́, lọ sí ojú ìwé NELFUND lọ́sẹ̀ yìí. Wá nọ́ńbà JAMB rẹ, NIN àti BVN sílẹ̀. Ka àdéhùn náà tán kí o tó fọwọ́ sí i, má sì fún ẹnikẹ́ni lówó láti bá ọ ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Bí o bá ti ṣe é tán, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi kí n lè bá bàbá rẹ sọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá Kàdúná rẹ.